ÀFIWÉ OHUN ÈLÒ ÌPẸJA MẸ́RIN NÍ AGBÈGBÈ Ọ̀JỌ́, ÌBÀ ÀTI ÒKOKOMÁÍKÒ: ÀLÉÉBÙ INÚ ÌGBÉKALẸ̀ WỌN

1. ÌFÁÀRÀ

Iṣẹ́ ẹja pípa jẹ́ iṣẹ́ àbáláyé fún àwọn Àwórì Ọ̀jọ́, tí ìlú wọn wà létí omi tí ó so Àgbádárìgì pọ̀ mọ́ Èkó. Àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ náà wà lára àwọn tí iṣẹ́ yìí ń bọ́. Lóde òní, ọ̀nà márosẹ̀ tí ó gba Òkokomáíkò kọjá, ilé ìjọba tí ó wà ní Ìbà, àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá agbègbè náà mọ̀. Síbẹ̀, àwọn apẹja kò tíì kúrò lórí omi.

Èròńgbà pépà yìí ni láti fi mẹ́rin lára ohun èlò wọn wé ara wọn. Kókó tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ibi tí agbára ohun èlò wà gan-an ni àléébù rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí, àti pé jíjẹrà, tí wọ́n kà sí àléébù ńlá nígbà kan, jẹ́ ààbò fún ẹja àti fún apẹja.

2. IRÚ OMI TÍ OHUN ÈLÒ Ń ṢIṢẸ́ NÍNÚ RẸ̀

Kò ṣeé ṣe láti dá ohun èlò lẹ́jọ́ láìmọ irú omi tí wọ́n ń lò ó nínú rẹ̀. Omi agbègbè yìí kì í dúró sójú kan. Ní àsìkò òjò, omi odò a pọ̀, a sì lé iyọ̀ sẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu èbúté Èkó wọlé. Iyọ̀ yìí ni ó ń jẹ ìwọ̀ àti wáyà. Ọ̀rọ̀ èpò ni ó tẹ̀lé e. Ojú oró àti òṣíbàtà ni Yorùbá mọ̀ mọ́ lílékè omi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1984 ni èpò àjèjì kan, Eichhornia crassipes, gba ìhà orílẹ̀-èdè Benin wọ omi Àgbádárìgì, tí ó sì tàn kálẹ̀. Iyọ̀ a máa pa á lẹ́ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti dé, yóò tún gbilẹ̀.

3. OHUN ÈLÒ MẸ́RIN

(a) Àwọ̀n jíjù: Àwọ̀n yìí rí roboto, òjé sì yí etí rẹ̀ ká. Bí apẹja bá jù ú, yóò ṣí bí agboòrùn, òjé yóò fà á lọ sísàlẹ̀, ẹja tí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì há. Agbára rẹ̀ ni pé okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ apẹja, nítorí náà kì í sábà sọnù. Àléébù rẹ̀ ni pé omi tí kò jìn ni ó ti wúlò. Kùkùté a máa fà á ya, bí èpò bá sì bo ojú omi, kò ní ibi tí yóò bọ́ sí. Kò sì lè ṣiṣẹ́ nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń sùn.

(b) Àwọ̀n dídẹ: Èyí dúró bí ògiri nínú omi. Ohun tí ń léfòó gbé etí òkè rẹ̀ sókè, òjé sì fa etí ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹja a ti orí bọ ojú àwọ̀n, a sì há níbi tí ó fi ń mí. Ọmọ ẹja a gba ojú rẹ̀ kọjá, ẹja ńlá kò sì ní lè ti orí bọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n ojú àwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí apẹja bá dín in kù nítorí pé ẹja ńlá ti wọ́n, ẹpìyà tí kò tíì bímọ rí ni yóò máa kó. Agbára àwọ̀n yìí ni pé ó ń dá ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà: bí èpò tí omi ń gbé lọ bá wọ́ ọ kúrò níbi tí wọ́n dẹ ẹ́ sí, yóò máa pa ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ.

(d) Ìgèrè: Ẹnu ìgèrè gbòòrò lóde, ó sì ń fún bí ó ti ń wọnú, tí ó fi jẹ́ pé ẹja lè wọlé ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà àbájáde. Òòyẹ̀ ni ẹja inú rẹ̀ sábà máa ń wà, nítorí náà apẹja lè dá èyí tí ó kéré padà sómi. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gba àyè púpọ̀ nínú ọkọ̀, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Ṣùgbọ́n ìgèrè onígi tí ó bá sọnù yóò tú, ẹja yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n fi wáyà àti náílọ́ọ̀nù ṣe kì í tètè tú.

(e) Okùn ìwọ̀: Okùn gígùn kan ni wọ́n so ọ̀pọ̀ okùn kúkúrú mọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀ àti ìjẹ. Ó dára fún àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún. Àléébù rẹ̀ ni pé akàn a máa jẹ ìjẹ tán kí ẹja tó dé. Ẹja tún lè gbé ìwọ̀ gbọọrọ mì dé ikùn, nígbà tí ìwọ̀ tí ó ká roboto sábà máa ń kọ́ ọ ní igun ẹnu. Irin ìwọ̀ a máa dípẹtà. Àdánù ni èyí fún apẹja, ṣùgbọ́n ìwọ̀ tí ó já sínú omi kò ní wà níbẹ̀ títí láé.

4. LÁTI ÒWÚ DÉ NÁÍLỌ́Ọ̀NÙ

Ní 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe náílọ́ọ̀nù ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irú okùn bẹ́ẹ̀ gba ipò òwú nínú àwọ̀n. Àwọ̀n òwú ń fẹ́ sísá nígbà gbogbo. Wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi kí ó má baà tètè jẹrà. Ẹni tí ó bá ní kí apẹja padà sí i kò mọ ìyà tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tibi tire la dá ilé ayé: àwọ̀n tí kì í jẹrà lọ́wọ́ apẹja kì í jẹrà nígbà tí ó bá sọnù. Ní 2009, àjọ FAO àti àjọ UNEP gbé ìwádìí jáde lórí irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ní 2018, FAO fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi àmì sára ohun èlò ìpẹja, kí olówó rẹ̀ lè di mímọ̀.

5. ÀPẸẸRẸ LÁTI ÒKÈÈRÈ

Òfin kan náà hàn nínú kẹ̀kẹ́ ìká-okùn tí àwọn tí ń fi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ pẹja ń lò. Ní 1874, Charles Orvis ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí ó lu ihò sára, kí okùn tí ó tutù lè gbẹ, nítorí pé okùn sílíìkì ìgbà náà ń jẹrà. Okùn òde òní kò ní ìṣòro yìí mọ́, ṣùgbọ́n ihò náà kò kúrò, nítorí pé ó ń mú kí kẹ̀kẹ́ fúyẹ́. Nínú àwọn tí ó wà láàrin, tí kò kéré tí kò sì tóbi, èyí tí ìjánu rẹ̀ rọrùn kò le láti tún ṣe, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹja alágbára dúró. Èyí tí ìjánu rẹ̀ le ń dá a dúró, ṣùgbọ́n yanrìn àti iyọ̀ lè bà á jẹ́. Bí wọ́n bá sì dí i pa kí omi má baà wọ̀ ọ́, kì í rọrùn fún ẹni tí ó ni ín láti tú.

6. ÌKÁDÌÍ

Àfiwé yìí fi hàn pé kò sí ohun èlò tí ó borí gbogbo yòókù. Ohun tí ó kù ni láti fi apá kan tí ń jẹrà sínú ohun tí kì í jẹrà. Ní Alaska, òfin ní kí pàkúté akàn ní ojú kan tí wọ́n fi okùn òwú dì, kí akàn lè jáde bí pàkúté bá sọnù. Bí apẹja Ọ̀jọ́ bá fi òwú so ohun tí ń léfòó mọ́ àwọ̀n dídẹ, àwọ̀n tí ó sọnù yóò wó lulẹ̀ bí òwú bá já, agbára rẹ̀ láti pa ẹja yóò sì dínkù. Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n apẹja ni yóò máa pààrọ̀ òwú náà. Nítorí náà, ó yẹ kí ó mọ iye ọjọ́ tí òwú lè lò nínú omi òjò àti nínú omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwádìí tí ó yẹ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ nípa Ẹja ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ni èyí, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí omi tí ọ̀rọ̀ kàn.