Eré Wíwá Ìṣúra àti Adágún Toplitz

Eré kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní geocaching. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà dẹ́kun bí wọ́n ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì GPS rú mọ́ ará ìlú lójú. Lọ́jọ́ kejì ni Dave Ulmer ri korobá kan mọ́lẹ̀ nínú igbó Oregon, tó sì kéde ibi tó wà. Ẹni tó bá rí i yóò kọ orúkọ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀, yóò mú nǹkan kan, yóò fi òmíràn rọ́pò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn eléré yìí fẹ́ràn ibi tó ní ìtàn. Bí ẹ̀rọ bá darí ènìyàn dé etí adágún Toplitz ní Austria, ìtàn ńlá ló bá níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn Násì da wúrà sínú rẹ̀ nígbà tí ogun ń parí lọ ní 1945. A kò tíì rí wúrà kankan. Owó pọ́n-ùn Ìlú Ọba ni àwọn tí ìwé ìròyìn Stern rán lọ fà jáde ní 1959, ayédèrú sì ni. (Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀!) Àwọn ẹlẹ́wọ̀n, Júù ni púpọ̀ nínú wọn, ni wọ́n fipá mú tẹ owó náà ní àgọ́ Sachsenhausen.

Adágún yìí jìn ju mítà 100 lọ. Igi ńláńlá léfòó sáàárín omi, kò sì sí ọ́síjìn nísàlẹ̀. Ní 1963, ọ̀dọ́mọkùnrin òmùwẹ̀ kan tó ń wá ìṣúra kú síbẹ̀. Ìjọba wá fòfin dè é: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ìsàlẹ̀ omi náà láìgbàṣẹ.