Ọ̀sẹ̀ kan lórí omi Faransé: níbi tí èmi àti ìyàwó mi kò ti rí ibi sá sí

Láti Marseillette dé Puichéric, gbólóhùn méjì péré ni ìyàwó mi bá mi sọ. Àkọ́kọ́ ni, "Ẹ rọra o, afárá ń bọ̀." Ìkejì ni, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹni tó bá mọ̀ wá nílé á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti yunifásítì la ti mọra, "ìwọ" la sì máa ń pe ara wa. Ọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, tó ń pè mí ní ọ̀gá, mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù.

Kò sì síbi tí mo lè sá lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju dáńfó méjì lọ la wà, lórí Canal du Midi ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí òfin kò ti gbà pé kí ọkọ̀ sáré ju kílómítà 8 ní wákàtí kan lọ. Àwọn arúgbó tó ń gun kẹ̀kẹ́ létí omi ń yà wá sílẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín sí wọn dáadáa. Sí wọn o, kì í ṣe sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe débẹ̀. London là ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe jù. Èmi máa ń jáde láàárọ̀. Ẹnu ọ̀nà la ti máa ń pàdé, ẹnì kan ń wọ bàtà, ẹnì kejì ń bọ́ ọ. Lóṣù kẹjọ, àjọ tí òun àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ń dá kàn án. Mo rò pé á fi ra mọ́tò. Ó ní rárá, ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ fi háyà ní Faransé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ní, "Ọkọ̀ ojú omi kẹ̀? Ta ló máa wà á?"

Ó ní, "Ìwọ."

Òótọ́ ló sọ. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà fún àwọn tó wá sinmi lórí omi wọ̀nyẹn, ẹ kò nílò láísẹ́ǹsì kankan. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń yí i àti bí wọ́n ṣe ń dá a dúró, kò tó wákàtí kan, wọ́n bá fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Físà gan-an ló nira ju ọkọ̀ wíwà lọ. Pé ẹ ń gbé London kò yọ yín, tó bá ṣe pé pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tiwa lẹ ṣì ń lò. Yúrò 90 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá sì ní àwọn kò fún yín, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Kí n má parọ́, Dubai ló wà lọ́kàn mi. Tàbí Paris, ká dúró síwájú Eiffel Tower, kí n gbé e sókè díẹ̀, kí ẹnì kan yà wá, ká gbé e sórí Instagram. Ẹ mọ fọ́tò yẹn. Gbogbo wa la ti rí i, àwọn míì nínú wa sì mọ tọkọtaya tó ya irú ẹ̀ tí wọn ò jọ wà mọ́.

Trèbes la ti gba ọkọ̀, ìlú kékeré kan nítòsí Carcassonne. Oṣù kẹsàn-án ni, wọ́n ń kórè àjàrà lọ́wọ́. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ, la ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gba orí ẹbè àjàrà kọjá pẹ̀lú iná lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ariwo mọ́ ju ti ẹyẹ àti ẹ́ńjìnnì wa lọ. Ìyàwó mi sun wákàtí mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rí i kó sun oorun tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ní écluse mẹ́ta tó so mọ́ra lẹ́yìn Trèbes. Tẹ́ ò bá tíì rí écluse rí, ẹ fojú inú wo yàrá kan tí kò lórùlé, tó ní ilẹ̀kùn ńlá níwájú àti lẹ́yìn, tí omi kún inú ẹ̀. Ọkọ̀ yín á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á wá máa tú omi inú ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ títí táá fi bá omi ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ṣílẹ̀kùn iwájú fún yín. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnì kan ní láti fi okùn ọkọ̀ yí òpó irin kúkúrú tó wà létí ògiri, kó di orí okùn mú, kó máa tú u bí omi bá ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ so ó ní kókó. Tẹ́ ẹ bá so ó, omi á lọ, okùn á fa ọkọ̀ mọ́ ògiri, ọkọ̀ á wá máa rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Èmi so ó ní kókó.

Ìyàwó mi tó wà nídìí sítíárìn ló kọ́kọ́ pariwo, torí ilẹ̀ ọkọ̀ ti dagun lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ife àti àwo sì ti ń yọ̀ bọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú écluse sáré dá omi dúró. Ó sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan tí mi ò gbọ́, àmọ́ ojú ẹ̀ ti túmọ̀ ẹ̀ fún mi.

Nínú yàrá kejì, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Inú mi dùn débi pé mo na fóònù mi sí ìyàwó mi, mo ní kó yà mí ní fídíò, màá fi sí status. Bó ṣe ń yà mí lọ́wọ́ ni ohùn àbúrò mi wọlé lórí WhatsApp, ìka ẹ̀ sì kàn án: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, owó ti wọlé. A ti ra pákó, ó ku páànù. Mi ò ní jẹ́ kí ìyàwó wa gbọ́ sí i, bẹ́ ẹ ṣe wí."

Omi ń lọ sílẹ̀, àwa náà ń bá a lọ sílẹ̀. Mi ò lè fi okùn sílẹ̀, òun náà ò lè fi sítíárìn sílẹ̀. Ó gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìjì ti ká òrùlé ilé ìyá mi lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fi pọ́ùn 3,200 ránṣẹ́, nínú owó tá a jọ sọ pé a ò ní fọwọ́ kàn torí ilé tá a fẹ́ rà. Mi ò sọ fún un. Mo ti ro ó lọ́kàn ara mi pé á kọ̀, mo bá kúkú gbà á lẹ́nu ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Bá a ṣe dé Marseillette nìyẹn, tá a sì kúrò níbẹ̀. Ẹ gbọ́, ká ní Dubai la wà ni, ìjà yẹn ì bá rọrùn. Òun á gba ilé ìtajà lọ, èmi á jókòó ti omi ìwẹ̀, tó bá dalẹ́ a jọ wọṣọ lọ síbi oúnjẹ, a ya fọ́tò, ìjà náà á sì bá wa wọ bàálù padà sílé. Lórí ọkọ̀ yìí, ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ẹ ò sì lè máa bára yín yan odì nígbà tí écluse míì bá dé, torí ẹnì kan á di okùn, ẹnì kan á wa ọkọ̀.

Àyíká ibẹ̀ gan-an bá wa ṣọ̀fọ̀ ni. Ẹ ó ti rí àwòrán Canal du Midi rí, igi platane ràgàjì ràgàjì tó tẹ̀ bo omi lọ́tùn-ún lósì. Nǹkan bí 42,000 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n rí àìsàn kan lára wọn níbẹ̀. Irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bàjẹ́ ló ń fà á, inú igi ló sì ń gbà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé inú pákó àpótí tí àwọn sójà Amẹ́ríkà fi kó ọta ìbọn wá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló bá dé Faransé. Kò lóògùn. Èyí tó bá ti mú, wọ́n á gé e, wọ́n á sun ún. Nítorí náà, ẹ máa wà lábẹ́ ibòji báyìí, kó tó pẹ́ ẹ ti bọ́ sínú oòrùn gbangba, kùkùté àti igi kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lẹ máa rí. Wọ́n ń fi oríṣiríṣi igi dípò ẹ̀, kí àìsàn kan má tún lè pa gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn Argens-Minervois, écluse tán. Kílómítà 54 gbáko, títí dé Béziers, kò sí ẹyọ kan. Omi náà kàn ń yí òkè po ni, ó ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ láàárín oko àjàrà. Mo ti ń bẹ̀rù ibẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́, torí iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ ká rójú jà ti tán nìyẹn.

Mo bá mú ìwé ìléwọ́ kan tí wọ́n fún wa, mo ń ka ìtàn odò náà sókè, bóyá á dá sí i. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierre-Paul Riquet ló ṣe é. Agbowó orí iyọ̀ ni fún ọba. Ó fẹ́ gbẹ́ omi láti Toulouse títí dé etí Òkun Mẹditaréníà, kí ọkọ̀ má bàa máa yí gbogbo ilẹ̀ Sípéènì po mọ́. Ọba Louis Kẹrìnlá fàṣẹ sí i ní 1666. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gbẹ́ ẹ, obìnrin wà nínú wọn dáadáa, kílómítà 240. Nígbà tí ògiri écluse kan wó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ kó rí roboto bí ẹyin, kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa tì í wó mọ́. Riquet ki owó ara ẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó kú ní oṣù kẹwàá 1680, wọ́n ṣí odò náà ní oṣù karùn-ún 1681. Oṣù méje péré ló fi pàdánù ẹ̀. Gbèsè ló fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀, ó sì tó ogójì ọdún kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyàwó mi gbójú sókè. Ó ní, "Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ nípa owó yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mo bá pa ẹ́ńjìnnì.

Kò pariwo o. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé mo máa ní kí òjò máa pa màmá yín ni? Èmi tí mo ń pè wọ́n ní gbogbo Sunday?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Pé owó kọ́ ló dun òun. Ohun tó dun òun ni pé mo jókòó, mo dá òun lẹ́jọ́, mo dáhùn fún òun, gbogbo ẹ̀ láìsí òun níbẹ̀, mo sì wá fi àbúrò mi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní báyìí, ní Ìjẹ̀bú, òun ti di ìyàwó tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún.

Mi ò ti ibi yẹn ro ó rí. Lóòótọ́.

Ó ní òun ka iye ìgbà tá a jọ jókòó jẹun lóṣù kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìdí tóun fi kó owó àjọ sórí ọkọ̀ nìyẹn. Ó ní òun wá ibi táwa méjèèjì ò ti ní lè jáde kúrò nínú yàrá.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ọkọ̀, ibẹ̀ fún pinpin, orí mi gbá tábìlì. Ìyẹn ló kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín.

Le Somail la sùn mọ́jú, abúlé kékeré kan tó ní afárá òkúta àtijọ́ àti ilé ìtàwé kan tí ìwé kún débi pé mo ro pé ògiri ló gbé dúró. A já agolo cassoulet, oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn ní agbègbè yẹn. Ìyàwó mi ṣí i, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀wà ni wọ́n kàn sè!" Ẹ̀wà funfun ni lóòótọ́, pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ àti sọ́séèjì. Ó da ata gbígbẹ tó gbé wá láti ilé sí i, a fi gààrí lé e. Ó ṣì ń "ẹ" mi, àmọ́ ohùn ẹ̀ ti rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ihò Malpas tí Riquet dá sínú òkè, a fẹsẹ̀ gun òkè Ensérune. Láti òkè, ẹ ó rí pápá Montady. Adágún ni tẹ́lẹ̀, wọ́n fa omi ẹ̀ gbẹ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Gbogbo kòtò omi náà lọ pàdé láàárín, oko wá rí bíi taya kẹ̀kẹ́ ńlá. Wákàtí kan la fi jókòó síbẹ̀, tá a ń ṣírò owó. Iye tó kù, iye tá a lè dá padà lóṣooṣù, bóyá kó dín iṣẹ́ òru kù. A ò tíì rí ojútùú gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìwé kan náà la jọ kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ kejì, Fonserannes, lẹ́bàá Béziers. Yàrá écluse mẹ́jọ ni Riquet ní kí wọ́n so mọ́ra síbẹ̀ bí àtẹ̀gùn, gíga ẹ̀ ju mítà 20 lọ. Tí àwọn kan bá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó ń gòkè á dúró. Èrò sì pọ̀ létí ògiri, tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn ní fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa dójú ti ara ẹ̀. Mo yí okùn mọ́ òpó. Ìyàwó mi ń wo omi, ó ń sọ fún mi: "Tú u. Tú u díẹ̀ sí i. Dúró. Ó tó." Yàrá kan, òmíràn, òmíràn. Ògiri ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó tutù, ewé ń hù lára ẹ̀, àwọn èrò ń kéré lókè.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ìkẹyìn ṣí, ó na ọwọ́ sí mi láti ìdí sítíárìn.

"Fóònù rẹ dà? Pe àbúrò rẹ. Sọ fún un kó má lọ ra páànù tín-ín-rín yẹn o. Ilé màmá wa ni."