Ìparadà Ni Tàbí Ìpààrọ̀ Aṣọ?

Bí ọmọ yín bá ń kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè ní ilé ìwé, yóò ti pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan: metamorphosis. Òun ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé bí kòkòrò tó ń wọ́ lórí ewé ṣe ń di labalábá.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ni ín. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá: “morphe” ni ìrísí tàbí àwòrán ohun kan, “meta” sì ń tọ́ka sí ìyípadà níhìn-ín. Ovid, akéwì Róòmù, fi irú ọ̀rọ̀ náà ṣe orúkọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 8 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ìtàn òrìṣà ló kún inú rẹ̀: ọmọbìnrin di igi, ọdẹ di àgbọ̀nrín. Àwa tí a gbọ́ ìtàn àgbọ̀nrín tó di obìnrin nígbà èwe mọ irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Bíbélì gbé e lọ. Matiu 17:2 àti Maku 9:2 fi ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jésù lórí òkè. Ọ̀rọ̀ ògo yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù lò fún èmi àti ẹ̀yin ní Romu 12:2! Kò sì ní kí a pa ara wa dà. Ó ní kí a jẹ́ kí a máa pa wá dà.

Nínú Bíbélì Yorùbá, Sátánì náà ń pa ara rẹ̀ dà di áńgẹ́lì ìmọ́lẹ̀ ní 2 Kọrinti 11:14. Ní Gíríìkì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, láti ara “schema”, ìrísí òde. (Kí a má fi gírámà ṣòfin o: ọ̀rọ̀ kejì yìí náà ni Pọ́ọ̀lù lò fún ara ògo wa ní Filipi 3:21.) Ṣùgbọ́n ní Romu 12:2, ó fi méjèèjì kojú ara wọn, láti ara “schema” ni ọ̀rọ̀ tó lò fún dídà bí ayé ti wá.

Ìyá ọlọ́jà tó ń wọ funfun lọ sí ìsọjí, tí ìdí kóńgò rẹ̀ ṣì wọnú, èwo ló ṣẹlẹ̀ sí i? Ọkọ tó ń fi èdè àjèjì gbàdúrà, tí àyà ìyàwó rẹ̀ ń já bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ńkọ́? Labalábá kò ní ẹnu tó fi ń jẹ ewé mọ́. Omi òdòdó ló ń fà mu.

Ẹ ka Romu 12 kọjá ẹsẹ kejì yẹn. Láti ẹsẹ 14 dé 21, ẹni tó ń ṣe inúnibíni sí wa, ẹ̀san, àti ọ̀tá tí ebi ń pa ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Ta ni ọ̀tá yín ní àdúgbò? Oúnjẹ ló ní kí ẹ gbé fún un.