Òyìnbó ní ‘fun’, ẹ̀tàn ló kọ́kọ́ jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òyìnbó ṣeré díẹ̀ lónìí. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ ní ìlú bí Isolo-Opin, nílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, àwọn àgbà a máa ta ayò, àwọn ọmọdé a máa ta lúdò tiwọn. Èdè Látìn ni ‘ludo’, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “mò ń ṣeré”. Ọdún 1896 ni wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lára pachisi, eré àwọn ará Íńdíà, ni wọ́n ti mú un.

‘Play’ ńkọ́? Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí èèyàn máa jùwọ́ jùsẹ̀, kí ara rẹ̀ yá gágá, wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo tiwa náà: eré la ń ṣe, eré la tún ń sá. ‘Holiday’ tí à ń pè ní ọlidé, ọjọ́ mímọ́ ni. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ‘school’: lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì tó ni ọ̀rọ̀ náà, àkókò tí ọwọ́ dilẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ o!

Ṣùgbọ́n ‘fun’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ní ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn, kí a tan èèyàn jẹ ni. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí Samuel Johnson ṣe ní 1755, ó kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níláárí. ‘Amuse’ náà ò sàn jù ú lọ: bí ológun bá fẹ́ kọlu ọ̀tá láti ẹ̀yìn, yóò kọ́kọ́ fi nǹkan mìíràn gba ojú rẹ̀ níwájú. Ohun tí wọ́n ń pè ní ‘amuse’ nìyẹn láyé ìgbà náà.

Ìtumọ̀ àtijọ́ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó fi owó ajílẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tó ní òun kàn fi ń nàjú ni. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n ayò, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Bí ọ̀ta bá jẹ òpè mọ́lẹ̀ pátápátá, wọn á kó gbogbo ọmọ náà padà sínú ihò, mẹ́rin mẹ́rin, wọn á tún bẹ̀rẹ̀.