Ìkòkò Oníyanrìn: Bí A Ṣe Lè Yan Bisikíìtì Láìní Ófùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òwe yìí gan-an ni yóò bá wa yan bisikíìtì lónìí.

Ọ̀pọ̀ wa ní Warri níbí gbà pé ẹni tó bá ní ófùn àti iná mànàmáná tí kì í lọ nìkan ló lè yan bisikíìtì. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba àlejò, owó gọbọi là ń kó fún onílé ìtajà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ooru ni bisikíìtì ń fẹ́, kì í béèrè ibi tí ooru ti wá.

Ẹ kò nílò ìwọ̀n. Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́rin àpò fùláwà kílò 1, ìdajì ike bọ́tà gíráàmù 250, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣúgà gíráàmù 500, ẹyin 1 àti iyọ̀ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi funfun. Atẹ́gùn tó bá wọ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí bisikíìtì le bí òkúta. Ẹ po ẹyin mọ́ ọn, kí ẹ wá jọ̀ fùláwà àti iyọ̀ sí i. Ẹ má pò ó pẹ́ o! Èròjà kan wà nínú fùláwà tó máa ń fà bíi rọ́bà bí a bá ń pò ó ṣáá. Ó dára fún búrẹ́dì, kò dára fún bisikíìtì.

Ooru Warri máa ń yọ́ bọ́tà, bisikíìtì yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, ẹ gbé abọ́ náà ka inú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìgò tẹ́ ẹ kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi ẹnu agolo gé e.

Ó wá ku ìkòkò. Ẹ da yanrìn gbígbẹ tí ẹ ti jọ̀ sínú ògbólógbòó ìkòkò, kó ga níwọ̀n ìka méjì. Ẹ to agolo kékeré mẹ́ta tó ṣófo lé e bí ààrò, kí àwo irin lè jókòó lé wọn. Ẹ dé e pa, kí ẹ dáná sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ojú kan ni iná sítóòfù máa ń jó. Yanrìn ló ń gba ooru náà, tó ń tú u ká. Láìsí i, ìsàlẹ̀ yóò jóná nígbà tí òkè ṣì wà ní tútù.

Ẹ wá to bisikíìtì sórí àwo náà. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, etí rẹ̀ yóò pọ́n. Yóò ṣì rọ̀ bí ẹ bá gbé e jáde. Ẹ fi sílẹ̀, bó bá tutù ni yóò le. Ẹ ṣí fèrèsé nítorí èéfín, ẹ má sì lo ìkòkò tí wọ́n kun inú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Fùláwà kì í ṣe ohun à ń fi ṣòfò. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Láti 1987 di 1992, ìjọba tilẹ̀ fòfin de kíkó o wọlé. Ẹni tó bá mọ ìdí ohun tó ń ṣe kò ní í fi tirẹ̀ jóná.

Píjìn ló pọ̀ lẹ́nu àwa tí a dàgbà síbí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: pò, jọ̀, yan. Yorùbá ní orúkọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nídìí iná. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún ń retí àlejò, ẹ jẹ́ ká fi owó wa ra fùláwà, ká gbé ìkòkò kaná. Ire o.