Ààrò tuntun tó ń jó kéèkì: Ẹ mọ ìwà rẹ̀ kí ẹ tó po fúláwà

Kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ gbé sínú ààrò gáàsì tuntun tí a rà. Àwọn àlejò ti ń dé nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kéèkì náà ti dúdú bí èédú, àmọ́ àárín rẹ̀ ṣì ń ṣàn bí ògì. Ẹyin mẹ́jọ, bọ́tà àti fúláwà ló bá a lọ, ẹni tó bá sì ń lọ sọ́jà lásìkò yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ààrò náà kò bàjẹ́ o. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nọ́ńbà tó wà níbi tí a ti ń yí iná kì í fi gbogbo ìgbà bá ooru inú ààrò mu. Lórí àwọn ààrò tó ń lo nọ́ńbà bíi ti àwọn ará Bìrìtìkó, nọ́ńbà 4 dúró fún nǹkan bíi dígírì 180, èyí tí ọ̀pọ̀ kéèkì ń fẹ́. Bí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ kéèkì yóò gan kí àárín tó gbéra, orí rẹ̀ yóò sì là. Bí kò bá tó, afẹ́fẹ́ tó ń gbé kéèkì sókè yóò ti sá jáde kí ó tó gan, yóò sì wọlẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìkòkò àti yanrìn yan kéèkì lórí èédú kò ní nọ́ńbà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìkòkò wọn.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ yọ gbogbo páálí àti ọ̀rá inú ààrò náà, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì tàn án lófìfo fún bí ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, kí òórùn òróró tó wà lára irin rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ lè jáde.

Òṣùwọ̀n ooru tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú ààrò ló dára jù láti fi dán an wò. Bí kò bá sí, ṣúgà tó. Nǹkan bíi dígírì 186 ni ṣúgà funfun máa ń yọ́. Nígbà tí ààrò bá ti gbóná fún ìṣẹ́jú 20 ní nọ́ńbà 4, ẹ gbé ṣíbí ṣúgà kan sínú páànù kékeré, kí ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá yọ́, ooru ààrò yín pọ̀ ju ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ ń wí lọ. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ṣúgà mìíràn ní nọ́ńbà 5, ìyẹn dígírì 190. Bí èyí kò bá yọ́, ooru rẹ̀ kò tó nìyẹn. Tèmi yọ́ ní 4.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé búrẹ́dì tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tò ó kún àtẹ irin tó wà láàárín. Ibi tó bá kọ́kọ́ pọ́n ni ooru pọ̀ sí. Igun ẹ̀yìn ni tiwa, nítorí náà mo máa ń yí páànù padà nígbà tí kéèkì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ṣáájú ìgbà náà, n kì í ṣí ilẹ̀kùn rárá, torí ooru máa ń sá jáde. Àtẹ àárín ni kí ẹ máa lò, nítorí ìsàlẹ̀ ni iná ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì ti ń wá.

Ẹni tó ra èyí tó ń lo iná mànàmáná ní wàhálà tirẹ̀. Bí iná kò bá gbóná tó láti òpó, ààrò náà kò ní gbóná tó, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì lè gbé e.

Nọ́ńbà 3 ni mo fi yan kéèkì kejì. Ó pọ́n dáadáa, àárín rẹ̀ sì jinná. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ ìbí ni ọmọ náà tó jẹ ẹ́.