Anthony Trollope, Òǹkọ̀wé Tí Kì í Fi Ọ̀rọ̀ Pamọ́ fún Òǹkàwé

Ìwé ìtàn àròsọ 47 ni Anthony Trollope, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ kó tó jáde láyé ní ọdún 1882. Púpọ̀ nínú wọn gùn débi pé ìdìpọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n. Ó tún kọ ìwé ìrìn àjò, ìtàn kéékèèké àti ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ kún un. Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé ọwọ́ tó yá tó báyẹn kò lè ṣàì ṣiṣẹ́ gbàgẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Pípọ̀ ìwé Trollope gan-an ló bí adùn wọn, torí òun ló jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ráyè dàgbà, kí wọ́n ráyè ṣàṣìṣe, kí wọ́n sì darúgbó lójú òǹkàwé.

Ìyà jẹ ẹ́ ní kékeré. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1815. Amòfin ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ lé àwọn oníbàárà sá. Ó ya sí iṣẹ́ oko, oko náà kò sì mówó wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ Harrow, níbi tí ọmọ àwọn ọlọ́lá pọ̀ sí, ni Anthony ń fẹsẹ̀ rìn lọ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ti gbó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í bá a ṣeré. Nígbà tó di 1834, gbèsè lé ìdílé náà dé Bruges ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ìyá rẹ̀, Frances Trollope, ló gbé ilé ró. Ó ti lé ní ẹni 50 ọdún kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tó dá lórí ìṣesí àwọn ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1832. Ní Bruges, bó ti ń tọ́jú ọkọ àti ọmọ tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ìwé tí wọ́n ń tà jẹun. Ọmọ rẹ̀ rí i, kò sì gbàgbé.

Ọdún 1834 yẹn kan náà ni Trollope di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí £90 lọ́dún. Fún ọdún méje, ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó ń jẹ gbèsè, àwọn ọ̀gá sì ń bá a wí. Ní 1841 ó lọ ṣiṣẹ́ ní Banagher, ní ilẹ̀ Ireland, ibẹ̀ sì ni ayé rẹ̀ ti yí padà. Ẹṣin ló ń gùn láti abúlé dé abúlé, tó ń yẹ ọ̀nà tí àwọn apínlẹ́tà ń gbà wò, tó ń gbọ́ ẹjọ́ àgbẹ̀, ti onílẹ̀ àti ti àlùfáà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti rí oríṣiríṣi èèyàn tó kún inú ìwé rẹ̀, orí ẹṣin yẹn ni. Ó fẹ́ Rose Heseltine ní 1844, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1847. Òun náà ló dábàá àpótí onírin tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí lẹ́bàá títì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní àwọn erékùṣù Channel ní 1852. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí di 1867.

Báwo ni òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ráyè kọ tó bẹ́ẹ̀? Ó ń fi £5 lọ́dún kún owó ìránṣẹ́ rẹ̀ kan, nítorí kó lè máa fi kọfí jí i, kí òun sì ti wà nídìí tábìlì ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀. Wákàtí mẹ́ta ló ń lò níbẹ̀. Á gbé aago síwájú, á sì kọ ọ̀rọ̀ 250 láàárín ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Bó bá wọ rélùwéè, á gbé pátákó lé itan, á máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Nígbà tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà ní 1871, ó ní kí wọ́n kan tábìlì ìkọ̀wé sínú yàrá òun. Ọjọ́ kejì tó parí Doctor Thorne ló bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn.

Gbogbo èyí ló tú síta nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tó jáde ní 1883 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó to owó tó rí lórí ìwé kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, àpapọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £70,000. Ó fi iṣẹ́ òǹkọ̀wé wé iṣẹ́ aránbàtà. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ nínú, orúkọ rẹ̀ sì wọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọn kò ṣe é dáadáa. Kò sí ẹni tó ń wo aṣọ òfì tó rẹwà kó máa bínú pé ahunṣọ jí ní ìdájí, tàbí pé ó mọ iye tó fẹ́ tà á.

Ìwé tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ ni The Warden, tó jáde ní 1855. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń rìn kiri lẹ́bàá kàtídírà Salisbury ni ìtàn náà sọ sí i lọ́kàn. Ó tẹ ìlú kan dó sínú ìwé, ó pè é ní Barchester. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Septimus Harding ló ń bójú tó ilé tí àwọn bàbá arúgbó 12 ń gbé níbẹ̀. Olówó kan tó ti kú láti ọ̀rúndún bíi mélòó kan sẹ́yìn ló fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú wọn. Owó ilẹ̀ náà gbèrú. Ti àwọn arúgbó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, àmọ́ ti alábòójútó ti di £800 lọ́dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, John Bold, bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹni tí owó náà tọ́ sí. Ọmọbìnrin Harding sì ni Bold fẹ́ fi ṣaya. Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà, ó di ariwo.

Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá sọ àlùfáà di olè, tàbí kó sọ Bold di abanijẹ́. Trollope jẹ́ kí òǹkàwé rí i pé ìbéèrè Bold tọ́, pé Harding sì jẹ́ èèyàn rere. Bí ìdààmú bá mú bàbá yìí, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí lọ síwá sẹ́yìn, á máa ta gòjé ńlá kan tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó dé iwájú lọ́yà àgbà tó ń gbèjà rẹ̀, ó ti pinnu: ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó lè máa gba owó náà mọ́, ó fipò sílẹ̀. Àwọn arúgbó tó ń retí owó kò rí kọ́bọ̀, wọ́n sì pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Nínú Barchester Towers, tó tẹ̀ lé e ní 1857, ọmọbìnrin Harding yìí, Eleanor, ti di opó, ó sì ní ogún lọ́wọ́. Obadiah Slope, àlùfáà alárékérekè, ń wá a kiri. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló máa fi òǹkàwé sínú àníyàn dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Trollope dá ìtàn dúró, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé Eleanor kò ní fẹ́ Slope, kò sì ní fẹ́ Bertie Stanhope tó tún ń wojú rẹ̀. Ó ṣe irú rẹ̀ nínú The Eustace Diamonds: nígbà tí olè gbé àpótí Lizzie Eustace, tí gbogbo ìlú ń wá ẹ̀gbà ọrùn tó tó £10,000, òǹkàwé ti gbọ́ pé ẹ̀gbà náà kò sí nínú àpótí rárá. Ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá mọ̀ pé Ìjàpá máa tẹ́. Bó ṣe máa tẹ́ ló jókòó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé Trollope rí. Nígbà tí àníyàn bá ti kúrò, ojú á wá fara balẹ̀ wo bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ, bí obìnrin kan ṣe ń bínú sí ẹni tó fẹ́ràn, bí àlùfáà ṣe ń pe ìwọra rẹ̀ ní ìfẹ́ ìjọ.

Ìyáàfin Proudie, ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù, ni gbajúmọ̀ Barchester. Òun ló ń ṣàkóso ọkọ, òun ló ń ṣàkóso ìjọ. Lọ́jọ́ kan, Trollope gbọ́ tí àwọn àlùfáà méjì nínú ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ Athenaeum ń ráhùn pé àwọn ẹ̀dá kan náà ló ń gbé jáde ṣáá. Ó dìde, ó jẹ́wọ́ pé òun ni, ó sì ní òun ń lọ ilé lọ pa Ìyáàfin Proudie. Ó pa á lóòótọ́ nínú The Last Chronicle of Barset, ní 1867. Ìnaró ni wọ́n bá òkú rẹ̀, níbi tó ti fara ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìbànújẹ́ bá bíṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ti dòmìnira. Òǹkàwé tó ti kórìíra obìnrin yìí láti ìwé kejì á rí i pé àárò rẹ̀ ń sọ òun.

Nínú ìwé yẹn kan náà ni Josiah Crawley wà, àlùfáà tálákà tó gbọ́ èdè Gíríìkì ju àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ, tí wọ́n fẹ̀sùn jíjí ìwé sọ̀wédowó £20 kàn. Kò jí i, ṣùgbọ́n kò rántí bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbéraga rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gba ìrànlọ́wọ́. Nínú gbogbo ẹ̀dá tí Trollope dá, kò sí èyí tó jinlẹ̀ tó o.

Yàtọ̀ sí ọ̀wọ́ ìwé Barchester, ọ̀wọ́ kejì dá lórí ìdílé Palliser àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìwé mẹ́fà ni, láti 1864 sí 1880. Nínú èyí àkọ́kọ́, Can You Forgive Her?, àwọn ẹbí gba Glencora kúrò lọ́wọ́ Burgo Fitzgerald, arẹwà onínàákúnàá, wọ́n fà á fún Plantagenet Palliser, òṣèlú tí kò mọ̀ ju ìṣirò owó lọ. Ìwé tẹ̀ lé ìwé, àwọn méjèèjì kọ́ láti gbé pọ̀, ọkọ sì di olórí ìjọba. Nígbà tí The Duke's Children bẹ̀rẹ̀, Glencora ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá ń fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lówó, bàbá sì kọ̀. Ohun tó ń já bàbá yìí láyà kò lè yé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ìtàn pàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ìwé àkọ́kọ́ bọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù Burgo ló ṣì ń bà á.

The Way We Live Now, ti 1875, dá dúró ní tirẹ̀. Augustus Melmotte, olówó tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀, ń ta ìpín ìdókòwò ojú irin kan tí wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ń dọ̀bálẹ̀ fún un títí àṣírí fi tú.

Àwọn ìwé kan wà tó fà ju bó ti yẹ lọ, ìdí sì ni pé owó àwọn ìdìpọ̀ ni wọ́n ń san. Eré ìfẹṣin-dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí òǹkọ̀wé náà fẹ́ràn gidigidi, sì lè sú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni The Warden, torí ó kúrú, Barchester Towers á sì tẹ̀ lé e. Can You Forgive Her? ni ìlẹ̀kùn ìdílé Palliser. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ṣì dùn jù bẹ́ẹ̀: orí kan tàbí méjì lálẹ́, kí àtùpà tó kú.